Odò Tí Wọ́n Fi Sọ Wá Lórúkọ

N kò ní dárúkọ odò náà. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà láàyè, Sábó ti Zaria, àdúgbò àwa àlejò, kò sì tóbi tó bí àwọn tí kò gbé ibẹ̀ ṣe rò. Ohun tí mo lè sọ ni pé odò kan wà ní ilẹ̀ wa, ní apá Kogí tí a ti ń kí ara wa ní "Ọ̀kún o", àti pé orúkọ odò yẹn ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ wa nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwárà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ wá kúrò ní Kwárà, a di ará Kogí. Wọ́n tún pín ìjọba ìbílẹ̀ náà sí méjì, odò fúnra rẹ̀ sì di ààlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n ní Zaria níbí, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn la ń pè wọ́n láàárín ara wa. Kò sí ìwé ìjọba kankan tí orúkọ odò ṣì wà lórí rẹ̀ mọ́.

Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Hayin Dogo ni wọ́n bí mi sí, ní ẹ̀bá Samaru, Hausa sì dán lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ títí mo fi wọ yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo ti dé abúlé bàbá mi. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ pé "ilé wa", ẹ jẹ́ kó yé yín pé ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ, kì í ṣe ohun tí mo mọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní Zaria kò pín nígbà tí ilé pín. Orúkọ odò ni wọ́n ń jẹ́ títí di ọdún tó kọjá. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni wọ́n ń pàdé, ní gbọ̀ngán kékeré kan lẹ́yìn ilé ọ̀kan nínú wọn ní Sábó. Wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya, wọ́n ń kí ìyá ìkókó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ: mímú òkú délé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú sí Zaria, ẹnì kan láti agbo ilé mìíràn ni yóò jókòó ti òkú náà nínú ọkọ̀ títí dé abúlé rẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, yóò dúró níwájú ẹbí, yóò sì wí pé, "Ẹ wá gba ọmọ yín. A bá a jẹ, a bá a mu, a kò sọ ọ́ nù." Ìgbà náà ni ẹkún tó lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òkú kò lè ṣe é. Wọ́n ní ọmọ òkú ń sunkún ni, kì í jẹ́ iṣẹ́.

Bàbá mi ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń ṣọ́ yàrá ẹrù ní ilé ìwé kan, ó ń gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ń lọ. Amúnidélé ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́. Mo rántí pé bó bá ti dé láti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kì í bá wa sọ̀rọ̀ títí yóò fi wẹ̀, tí yóò sì sùn. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń fà díẹ̀. N kò tíì gbọ́ kó tọrọ ohun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀ẹ̀kan tó sọ fún màmá mi lójú mi:

"Ṣáà má jẹ́ kí n dé ilé láìsí ẹni tí yóò fà mí lé wọn lọ́wọ́. Mo ti rí bó ṣe ń rí lójú àwọn ẹbí bí kò bá sí ẹnì kan. Bí ẹrù tó já bọ́ lára ọkọ̀ ni."

Màmá mi ní kó yé sọ ìsọkúsọ, kó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípín dé láti ilé. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn kọ̀wé sí Zaria pé kò bójú mu kí ẹgbẹ́ kan máa jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí kò sí mọ́, àti pé gbogbo ìlú ńlá yòókù ni àwọn ọmọ wọn ti pín. Ẹgbẹ́ jiyàn oṣù mẹ́ta. Níkẹyìn wọ́n gbà láti pín, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé orúkọ: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí apá tó jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ̀rí sì wà. Ẹ̀rí yẹn ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Gírádúéètì!" ni alága pè mí nígbà tí mo tẹ̀lé bàbá mi dé ìpàdé. Olórí ilé ìwé àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn. "Jọ́gíráfì lo kà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Iṣẹ́ kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ, a ó fún ọ ní iṣẹ́ tí kò lówó. Ya máàpù ilé fún wa. Kọ bí a ṣe gba orúkọ odò, kọ bí ààlà ṣe ń yí. Kí ó kún, kí ó má sì gùn jù. A ò fẹ́ àròbá o. A ti ní àwọn ẹlẹ́nu púpọ̀ níbí."

"Ẹ má wo ojú mi, Alága," ni ọkùnrin kan tó ń ta sípéà pátì ní àdúgbò PZ dáhùn láti ẹ̀yìn. Ọmọ Ìlà-Oòrùn ni, òun ló sì máa ń pani lẹ́rìn-ín jù nínú wọn. "Ẹnu mi kò pọ̀ tó ti yín. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ṣe iṣẹ́ ìjọba títí dé ìfẹ̀yìntì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Mo gba iṣẹ́ náà, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Mo wá àwọn máàpù àtijọ́ ní yunifásítì, mo pe àwọn àgbà nílé lórí fóònù. Lórí orúkọ, ìtàn méjì ni mo rí. Alága sọ pé ìjọba ológun rán òṣìṣẹ́ kan wá, ìlú ńlá mẹ́ta sì ń du orúkọ náà, olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Ó sú òṣìṣẹ́ náà, ó wo máàpù, ó rí odò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà àgbà kan nílé sọ pé irọ́ ni, pé àwọn ọba ló jókòó tí wọ́n sì jùmọ̀ mú odò nígbà tí kò sí èyí tó fẹ́ jẹ́ orúkọ ìlú ẹnì kejì, nítorí pé gbogbo wọn ló ń mu ún. Kò sí ẹni tó ní ìwé nínú àwọn méjèèjì. Mo kọ ohun tí ìtàn méjèèjì fara mọ́: pé kò sí ìlú tó gbà láti jẹ́ orúkọ ìlú kejì. Ìyókù, mo kọ pé n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lórí ààlà, iṣẹ́ náà rọrùn àyàfi ní ibì kan. Ibẹ̀ ni abúlé wa. Máàpù àtijọ́ fi í sí ìlà-oòrùn odò. Máàpù tuntun fi í sí ìwọ̀-oòrùn. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àgbà mẹ́rin tí mo pè sọ ohun kan náà: abúlé náà ló ṣí. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò sí apá kejì, àwọn ènìyàn tú ilé wọn, wọ́n sọdá odò, wọ́n sì tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti wá di ahoro.

Ìdílé méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Zaria: àwa, àti opó kan ní àdúgbò Tukur-Tukur tó sọ pé ibi tí wọ́n bá ní kí òun fọwọ́ sí lòun ó fọwọ́ sí. Mo ronú lórí rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Mo mọ ohun tí ìdájọ́ mi lè fà, nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé n kò ní dájọ́. N kò bi bàbá mi léèrè ohunkóhun. Mo ronú pé ọ̀rọ̀ náà kan òun fúnra rẹ̀, pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dáa. Mo kọ gbólóhùn yìí:

"Abúlé yìí wà ní Ìwọ̀-Oòrùn lónìí, ṣùgbọ́n láti Ìlà-Oòrùn ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí wá, ẹ̀rí tí mo rí kò tó láti sọ pé apá kan pàtó ló ni wọ́n."

Òótọ́ ni. Mo tún un kà ní ìgbà mẹ́wàá, n kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Mo fún akọ̀wé ẹgbẹ́, ó ṣe fótókópì, ó sì pín in.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì. Àwọn ènìyàn ń lọ fọwọ́ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan bàbá mi, ó gbéra, ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé iwájú, ó sì na ọwọ́ sí ìwé Ìlà-Oòrùn. Ọlọ́jà sípéà pátì gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Kò fi agbára ṣe é.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ wo ohun tí ọmọ yín kọ. Ó ní Ìwọ̀-Oòrùn lẹ wà. Tí a bá kọ yín síbí, ilé á ní a ń jí ọmọ onílé kó."

Bàbá mi yíjú sí alága. Alága bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kan náà ló sọ pé ẹ̀yin ṣí wá ni. Àwọn ará ilé wa á bi wá pé ta ni ẹ fi kún wa? Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí parí."

"Ìwádìí wo?" ni bàbá mi béèrè. "Ọdún tí bàbá tìrẹ kú, ta ló bá ọ mú un dé?"

Alága gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀ padà. Ẹnì kan wúkọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níhìn-ín, kí n sì ṣọ́ra bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀nà ilé wa gba Kàdúná sí Àbújá kọjá, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti fi ojú àwọn èrò rí lọ́nà yẹn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń ṣàìsàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ mú òkú délé, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò bá a lọ. Ẹgbẹ́ tí bàbá mi bá fọwọ́ sí, ó di dandan fún wọn láti wá ẹnì kan fún un lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò sì yá. N kò ní ẹ̀rí pé ìdí tí wọ́n fi ń tì í síwá sẹ́yìn nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ìwé. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wo máàpù mi.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́-márúwá láti Samaru lọ sí ilé akọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ kí a yọ gbólóhùn kan kúrò nínú ìwé yẹn."

Ó mọ èyí tí mò ń sọ. "Ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o ti rí ẹ̀rí mìíràn?"

"Mi ò tíì rí i."

"Haba! Kí la ó wá yọ ọ́ fún?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. "Ìwé rẹ dáa, ọmọ mi. Òun ni ìwé tó dáa jù tí ẹgbẹ́ yìí tíì ní. Má bà á jẹ́."

Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi jókòó lábẹ́ fèrèsé pẹ̀lú fótókópì náà lórí itan rẹ̀. Ìka ló fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé láti ìgbà àìsàn ni ìlà ìwé ti ń sálọ mọ́ ọn lójú. Ó kà á tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ lo kọ," ni ó wí. "O pe ẹni mẹ́rin ní ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èyí àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí a ṣí? Wọn ò tíì bí i. Èkejì, ọmọ abúlé mìíràn ni. Èmi tí mo ru ọlọ ìyá mi sọdá odò náà, inú ilé yìí ni mò ń sùn. O ò bi mí."

Mo ṣàlàyé pé mo rò pé wọn ò ní gba ẹ̀rí rẹ̀, ohùn mi sì ń kéré bí mo ṣe ń ṣàlàyé.

"Bi mí nísinsìnyí," ni ó wí.

Mo mú ìwé àti bírò. Ó sọ fún mi pé ènìyàn ló ṣí, òkú kò ṣí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́lé sí ẹ̀bá ọ̀nà, bí ẹnì kan bá kú, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé e padà sọdá, ahoro ni wọ́n ń sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn baba rẹ̀. Bí odò bá kún, wọ́n á dúró kí omi fà. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá mú òkú abúlé wa láti Zaria lọ, apá ìlà-oòrùn odò ló ti ń fà á lé ẹbí lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni ilé òkú. Bí a bá ń pín ilẹ̀ fún alààyè, Ìwọ̀-Oòrùn ni wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìsìnkú, tí í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an, kò tíì sí ẹni tó jiyàn pé a kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́ kedere. Ká ní mo ti kọ ọ́ ní àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí, n kò rí bí wọ́n ṣe lè kọ̀ ọ́. Mo pe ilé padà. Nínú àwọn mẹ́rin, àgbà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rántí ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n òun rò pé ọ̀rọ̀ ààlà ni mò ń béèrè nígbà yẹn, mi ò béèrè ọ̀rọ̀ òkú. Mo kọ ojú ìwé kan sí i, mo sì mú un lọ sí ìpàdé. Bàbá mi kò lọ.

Ọlọ́jà sípéà pátì ló kà á sókè. Ó kà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

"Bàbá mi ni, sà. Àti àgbà kan nílé."

"Àgbà kan, lẹ́yìn tí ìwọ ti bi í léèrè báyìí báyìí. Pròfẹ́sọ̀, ẹni tí ẹjọ́ kàn lo fi ṣe ẹlẹ́rìí? O ṣe é dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Kí ló dé?"

Òfin tèmi fúnra mi ló fi mú mi. Alága ní kí wọ́n fi ìwé náà pamọ́ sínú fáìlì. Wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ọ̀rọ̀ ìdílé wa dúró títí ìwádìí yóò fi parí. Opó Tukur-Tukur ti fọwọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀. Wọ́n gbà á, ara rẹ̀ le.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi bí ó ti rí. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì yọ ọ̀kankan kúrò. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó ní kí n mú òun lọ sí itẹ́ òkú ìjọ wa. Màmá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Zaria níbí? Ta ni yóò máa wo ojú oórì rẹ bí àwọn ọmọ bá lọ?"

"Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀," ni bàbá mi wí. "Jẹ́ ká lọ."

Ẹni tó ń ṣọ́ itẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó gbé àga fún un, ó sì fi ibi tó ṣófo hàn wá, lẹ́bàá igi dongoyaro kan. Bàbá mi wò ó pẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo yàrá tó fẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà ṣí ìwé ńlá kan. Ó kọ orúkọ. Ó béèrè ìlú ní Hausa, bàbá mi sì dárúkọ abúlé wa. Ó béèrè ìpínlẹ̀, bàbá mi ní Kogí. Ó wá béèrè ìjọba ìbílẹ̀.

Bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí mi.

Mo mọ ìdáhùn méjì tí ẹnì kan lè fún un, mo sì mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó wà nínú ìwé náà kò gbà ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ọkùnrin náà ń dúró dè mí pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, oòrùn sì ń mú orí bàbá mi. Mo dárúkọ odò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò bi mí bóyá irú ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Bàbá mi ń wo ilẹ̀ lábẹ́ dongoyaro. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá omi máa ń dúró síbẹ̀ lásìkò òjò. Ọkùnrin náà ní rárá, pé omi kò dúró níbẹ̀ rí. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.